Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ibà: Bí Wọ́n Ṣe Rí I Ṣe, àti Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lára Ọmọ

Kò sí ìyá ọlọ́mọ kan ní Ìkòròdú, ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí ibà ṣàjèjì sí. Láti Bàyẹ̀kú létí ọ̀sà títí dé Ìmọ̀ta, àti láti Májídùn títí kan Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún, bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, omi á dúró sínú kòtò tí wọ́n ti wa yanrìn, á dúró sójú ipa táyà tírélà lọ́nà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, á dúró sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, tanwíjí inú omi yẹn ti hu ìyẹ́, ó ti di ẹ̀fọn. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí ara ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lóru.

Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi máa ń bi nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àjẹsára pé: ẹ ti kán ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí i lẹ́nu, ẹ ti gún un ní ti ikọ́ ife, ẹ ní ká padà wá gba ti èéyi, ti ibà tó ń yọ wá lẹ́nu jù ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ti ní ìdáhùn báyìí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti wà, méjì ni pàápàá. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ RTS,S, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Èkejì ń jẹ́ R21. Yunifásítì Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde, Serum Institute ní Íńdíà ló ń ṣe é fún títà, WHO sì fọwọ́ sí òun náà lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2023.

Nàìjíríà ò dúró de WHO lórí R21. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọlá Adéyẹyè, olórí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti kéde pé àjọ náà ti fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 5 sí oṣù 36. Gánà nìkan ló ṣáájú wa, kò sì fi ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, abẹ́rẹ́ 846,000 wọ Nàìjíríà, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọ ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa.

Abẹ́rẹ́ yìí ń gba ẹ̀mí ọmọ là lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú kòkòrò tó ń bá jà ò jẹ́ kó lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tó bá mọ bí kòkòrò yẹn ṣe ń rìn nínú ara ni yóò mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ náà fi pẹ́ kó tó dé, ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń gún un, àti ìdí tí nẹ́ẹ̀tì kò fi gbọdọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ là yé wa nìyẹn.

Bí kòkòrò ibà ṣe ń rìn

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ló ń kó ibà ranni. Èyí tó pọ̀ nínú gọ́tà tó ń rùn, tó ń kùn létí wa láti ìrọ̀lẹ́, oríṣi mìíràn ni jù lọ. Èyí tó ń gbé ibà kiri ni abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles, tó fẹ́ràn omi òjò tó rọra mọ́, tí oòrùn ń tàn sí. Ní ẹ̀bá ọ̀sà, oríṣi rẹ̀ kan wà tó lè pa ẹyin sínú omi tó níyọ̀ díẹ̀. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ó nílò ẹ̀jẹ̀ kí ẹyin inú rẹ̀ tó lè gbó, òru ló sì ń jáde jù, nígbà tí ọmọ ti sùn.

Kòkòrò ibà fúnra rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Plasmodium lorúkọ ìran rẹ̀, èyí tó sì ń pa ọmọ jù nílẹ̀ Áfíríkà ni Plasmodium falciparum. Nígbà tí ẹ̀fọn tó ní in nínú bá ki ẹnu bọ ara ọmọ, yóò kọ́kọ́ tu itọ́ sí i kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ ọn lẹ́nu. Inú itọ́ yẹn ni kòkòrò ń bá wọlé. Wọn kì í pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í tó ọgọ́rùn-ún. Láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n á ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, wọ́n á sì ti kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, wọ́n á fara pamọ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọmọ á máa ṣeré, á máa jẹun, ara rẹ̀ á tutù pẹ̀sẹ̀, kò sí àmì kankan. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò kan ṣoṣo tó wọ ẹ̀dọ̀ lè ti di 30,000 kó tó jáde níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù wọn á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan, á jẹ ohun tó wà níbẹ̀, á bí sí i, á sì bẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà ní nǹkan bí ọjọ́ méjì, kí àwọn tuntun tún lè wọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Bíbẹ́ yìí ló ń mú kí ara máa gbọ̀n, kó sì gbóná. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń bẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ á dínkù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun, ọ̀rọ̀ á wá di ti gbígba ẹ̀jẹ̀ sára nílé ìwòsàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí falciparum wà nínú wọn tún máa ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́, gìrì ló máa ń dé, ọmọ sì lè dákú lọ.

Díẹ̀ nínú kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ á wá di akọ àti abo. Ẹ̀fọn mìíràn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà á gbé wọn mì, wọ́n á bímọ nínú ikùn rẹ̀, irú wọn á sì gun inú itọ́ rẹ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló padà dé yẹn.

Ìdí tí abẹ́rẹ́ yìí fi ṣòro ju ti èéyi lọ

Ọmọ tí èéyi bá mú lẹ́ẹ̀kan, tó sì yè é, èéyi kì í sábà tún mú un mọ́ láyé. Ohun tí abẹ́rẹ́ èéyi ń ṣe kò ju pé ó kọ́ ara ní ẹ̀kọ́ tí àìsàn náà ìbá kọ́ ọ, láìjẹ́ kí ọmọ jìyà. Ibà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan, kó tún ṣe é lọ́dún tó tẹ̀lé e. Bí àìsàn fúnra rẹ̀ ò bá lè dá ààbò tó pé sílẹ̀, àfi kí abẹ́rẹ́ ibà ṣe ohun tí ìṣẹ̀dá ara ò tíì lè ṣe. Ibi tó ti le nìyẹn.

Ẹ wo bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó nínú ọgbọ́n. Jíìnì ni ìtọ́ni tí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí fi ń mọ ara rẹ̀. Kòkòrò èéyi ní 6 péré. Kòkòrò ibà ní ju 5,000 lọ. Bó ṣe wà nínú itọ́ ẹ̀fọn yàtọ̀ sí bó ṣe ń rí nínú ẹ̀dọ̀, bó ṣe wà nínú ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe ń rí nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ohun tí ara bá kọ́ láti fi bá ti ibì kan jà lè má wúlò fún ti ibòmíràn. Nínú ẹ̀jẹ̀ pàápàá, ó ní nǹkan bí 60 oríṣi aṣọ tó lè pààrọ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì tó wọ̀. Kí ara tó mọ ọ̀kan dájú, ó ti gbé òmíràn wọ̀.

Síbẹ̀, ara kì í jókòó lásán. Àgbàlagbà tó dàgbà sí Ìkòròdú, tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kó má tilẹ̀ mọ̀. Ààbò yẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dúró, àwọn tó sì ń kú kó tó dúró ni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tó ń bá èèyàn dọ́jọ́ alẹ́. Ọmọ Ìkòròdú tó ti gbé London fún ọdún púpọ̀, tó wá sílé wá ṣọdún Kérésì láìlo oògùn ìdènà, ibà lè dá a wó gbalaja, nítorí pé ààbò tó gbé lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ibà ń mú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ pé Áfíríkà ni wọ́n ti kó o, irin-àjò Nàìjíríà sì máa ń wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Gambia, Ian McGregor wà lára wọn. Wọ́n yọ èròjà tó ń gbógun ti àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà ibẹ̀, wọ́n fi sára àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà lọ sílẹ̀ gan-an. Ó wá dájú pé ohun tó lè ṣẹ́gun ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ohun tó kù ni bí wọn yóò ṣe kọ́ ara ọmọdé láti ṣe irú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí ọ̀nà

Ruth Nussenzweig, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní New York, ló ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1967. Ó mú kòkòrò ibà láti inú ẹ̀fọn, ó fi ìtànṣán X-ray sọ ọ́ di aláìlágbára, ó sì fi sára àwọn eku. Nígbà tó yá, ó fi kòkòrò tó lágbára sí wọn lára, púpọ̀ nínú wọn ò sì ní ibà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn dán irú rẹ̀ wò lára èèyàn, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tí wọ́n fi ìtànṣán sí ní láti jẹ èèyàn lé ní 1,000 ìgbà kí ààbò tó dúró. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìyẹn fún ọmọ ọwọ́.

Wọ́n wá béèrè pé: kí ni ara ń rí lára kòkòrò yẹn tó fi ń mọ̀ ọ́n? Ìdáhùn rẹ̀ ni èròjà kan tó bo gbogbo ara kòkòrò nígbà tó ṣì wà nínú itọ́ ẹ̀fọn, tí kò tíì dé ẹ̀dọ̀. Ní ọdún 1984, wọ́n ka jíìnì tó ń ṣe é. Wọ́n rí i pé apá kan wà láàárín rẹ̀ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lemọ́lemọ́, ní nǹkan bí ìgbà 40, apá yẹn gan-an ni ara ń dojú ìjà kọ jù. Orí rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ méjèèjì dúró lé títí dòní.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ dà bí ti ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò: ó rọrùn láti mú olè mẹ́wàá ní géètì ju láti máa wá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n nínú yàrá oníyàrá. Àsìkò tí kòkòrò kéré jù, tí kò tíì sá pamọ́, tí kò sì tíì ṣe ọmọ ní nǹkan kan, ni àsìkò tó wà láàárín ẹnu ẹ̀fọn sí ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò náà kúrú. Nítorí náà, èròjà ìjà ní láti ti pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀fọn tó dé. Bí kòkòrò kan péré bá yọ́ wọ ẹ̀dọ̀, ó lè bí 30,000, àwọn yẹn ò sì wọ irú aṣọ tí abẹ́rẹ́ fi hàn ara. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló ṣàlàyé ohun gbogbo tó kù.

Ní ọdún 1987, ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Walter Reed àti ilé iṣẹ́ oògùn tó di GSK lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí RTS,S. Nígbà tí wọ́n fún ara ní apá tó ń tún ara rẹ̀ ṣe yẹn nìkan, ara ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Wọ́n wá so ó mọ́ èròjà kan tí wọ́n ti mọ̀ pé ara kì í fojú fò, ìyẹn aṣọ òde kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B, èyí tí wọ́n ti ń fi ṣe abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń gbà lọ́jọ́ ìbí. Wọ́n fi jíìnì méjèèjì sínú íísìtì, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, íísìtì náà sì ń ṣe èròjà yìí jáde ní kóróró kóróró. Kò sí kòkòrò ibà kankan nínú rẹ̀, òkú tàbí alààyè. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ náà kò fi lè kó ibà ran ọmọ.

Ohun kan tún kù. Wọ́n ní láti fi nǹkan sí i tí yóò ta ara jí. Nínú àwọn ohun tí wọ́n lò ni èròjà kan láti inú èèpo igi quillaja, tó ń hù ní orílẹ̀-èdè Chile, tí èèpo rẹ̀ máa ń hó bí ọṣẹ. Láti ara igi yìí kan náà ni Matrix-M, atanijí inú R21, ti wá. Láìsí atanijí, ohun tó kù nínú ìgò abẹ́rẹ́ náà ò lè dá ibà dúró.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dán RTS,S wò lákọ̀ọ́kọ́ yẹ ní mímọ̀. Àwọn àgbà tó yọ̀ǹda ara wọn ní Amẹ́ríkà gba abẹ́rẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé apá lé orí ife kékeré tí wọ́n fi àwọ̀n bò lójú, ẹ̀fọn márùn-ún tó ní ibà nínú wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn náà jẹ wọ́n láti ojú àwọ̀n. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lójoojúmọ́. Kòkòrò tí wọ́n lò jẹ́ èyí tí oògùn ń pa wẹ́rẹ́, ẹni tí wọ́n bá sì ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú kíákíá. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997, nínú àwọn 7 tó gba àpòpọ̀ tó dára jù, 6 ni kò ní ibà. Ọjọ́ yẹn ni ayé mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Láti ọwọ́ àgbà dé ara ọmọ

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún àgbà ní Amẹ́ríkà lè má ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí ẹ̀fọn ń jẹ lóròòru. Nítorí náà, láti ọdún 2009 sí 2014, wọ́n dán RTS,S wò lára àwọn ọmọ 15,459 ní orílẹ̀-èdè méje: Burkina Faso, Gabon, Gánà, Kẹ́ńyà, Malawi, Mozambique àti Tanzania. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 5 sí oṣù 17, tí wọ́n gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibà tó ṣe wọ́n láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin dín ní 36 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn tí kò gbà á. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ò rí èrè tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni bíbẹ̀rẹ̀ láti oṣù karùn-ún ti wá.

WHO ò tíì jẹ́ kó lọ káàkiri nígbà náà. Láti ọdún 2019, wọ́n fi sínú ètò àjẹsára ojoojúmọ́ ní apá kan Malawi, Gánà àti Kẹ́ńyà, kí wọ́n lè rí bí yóò ṣe rí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti ìyá ọlọ́mọ gan-an. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ọmọ tó gbà á. Láàárín àwọn ọmọ tọ́jọ́ orí wọn bá a mu níbi tí abẹ́rẹ́ náà dé, ikú látọwọ́ àìsàn gbogbo dín ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ikú ibà nìkan ni mo wí o, àpapọ̀ ikú ọmọdé ni, yàtọ̀ sí ti jàǹbá. Ọmọ tí ibà kì í fi ìgbà gbogbo dá wó máa ń lágbára láti dojú kọ àìsàn mìíràn.

R21 tẹ̀ lé e. Adrian Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Nínú kóróró RTS,S, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ aṣọ hepatitis B lásán, díẹ̀ ló gbé àmì ibà dání. Nínú ti R21, gbogbo rẹ̀ ló gbé e. Ìwọ̀n 5 máíkírógíráàmù tó fún ìgúnlábẹ́rẹ́ kan, nígbà tí RTS,S ń gba 25. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti ṣe púpọ̀ rẹ̀, lówó tí kò ga. Nígbà tí WHO fọwọ́ sí i, iye tí wọ́n dá lé e jẹ́ láàárín dọ́là 2 sí 4, Serum Institute sì ní àwọn lè ṣe mílíọ̀nù 100 lọ́dún kan.

Ní Nanoro, ní Burkina Faso, ni Halidou Tinto àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi hàn lára àwọn ọmọ 450 pé R21 lè dá ibà dúró dé ìwọ̀n 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò ńlá fún nǹkan bí ọmọ 4,800 ní Burkina Faso, Mali, Kẹ́ńyà àti Tanzania. Níbi tí ibà ti ń wá pẹ̀lú àkókò òjò nìkan, tí wọ́n sì gún abẹ́rẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó dín in ní 75 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Níbi tí ibà kì í ti í lọ láti ọdún dé ọdún, 68 ni. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí òjò ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀ tí ọ̀sà sì yí ká, sún mọ́ ti ẹ̀yìn yìí ju ti ìṣáájú lọ.

Kí ni 68 nínú ọgọ́rùn-ún túmọ̀ sí? Kò túmọ̀ sí pé ọmọ 68 ò ní rí ibà mọ́, tí 32 yòókù á sì máa ṣe é bí ti tẹ́lẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé bó bá jẹ́ pé ìgbà ọgọ́rùn-ún ni ibà ìbá kọ lu àwọn ọmọ àdúgbò kan lọ́dún yẹn, ìgbà 68 nínú rẹ̀ ni kò ní wáyé. Ìgbà 32 ṣì máa wáyé, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ pé ló máa ṣe é. Ìyá tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ sọ pé irọ́ ni abẹ́rẹ́ náà. Kó tètè gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ni.

Ìdí tí Èkó ò fi sí níwájú, àti ìdí tí ẹ̀kẹrin fi ṣe pàtàkì

Abẹ́rẹ́ tó kọ́kọ́ dé ò lè kárí, nítorí náà ibi tí iná ti ń jó jù ni wọ́n gbé e lọ. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2021, ọmọ 22 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò tíì pé ọdún 5 ní Nàìjíríà ni wọ́n bá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní Kebbi, 49 ni. Ní Èkó, kò tó 5. Àròpọ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ ni o, kì í ṣe ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ìdí tí Kebbi fi ṣáájú. Àwọn ará wa lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà ti ń gba RTS,S láti oṣù Kẹrin ọdún 2024.

Ní Nàìjíríà, oṣù 5, oṣù 6, oṣù 7 àti oṣù 15 ni wọ́n fi àmì sí fún un. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ, ẹ wò ó. Ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù 9. Ìyá tó ti parí ti ọ̀sẹ̀ 14 ti gbà pé òun ti sinmi ìgúnlábẹ́rẹ́ títí di oṣù 9. Àárín ìsinmi yẹn gan-an ni mẹ́ta nínú abẹ́rẹ́ ibà bọ́ sí. Ọ̀nà tuntun mẹ́ta ni, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tàbí ti ọ̀kadà, pẹ̀lú ọjọ́ ọjà tí ìyá máa fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ á ti já.

Oṣù 15 le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọmọ ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀, kò jọ ẹni tó ń gba àjẹsára mọ́ lójú òbí. Bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé èròjà ìjà ní láti pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó lè bá kòkòrò lọ́nà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, èròjà yẹn á máa wálẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Ẹ̀kẹrin ló ń gbé e padà sókè, kí ọmọ lè fi la àwọn ọdún tó léwu jù já. Oṣù 15 yìí kan náà ni ẹ̀ẹ̀kejì abẹ́rẹ́ èéyi bọ́ sí, nítorí náà ọ̀nà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe méjèèjì.

Ara ọmọ lè gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ojú ibi tí wọ́n gún sì lè wú tàbí kó dùn ún fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ara gbígbóná náà bá ga, tàbí tí gìrì bá dé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ láìfi falẹ̀.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ò tíì káwọ́ gbera. Oxford ti ń dán òmíràn wò, RH5, tó ń dojú kọ kòkòrò nígbà tó bá fẹ́ wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, kí èyí tó bá yọ́ kọjá ní ẹ̀dọ̀ lè bá ìjà mìíràn pàdé níwájú. Àwọn mìíràn ń wá èyí tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò lè bímọ nínú ikùn ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá rí méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀, agbára rẹ̀ á ju ti òní lọ.

Títí dìgbà náà, ìgúnlábẹ́rẹ́ àti nẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ ya ara wọn. Bí kòkòrò tó bá wọlé bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ á ṣe rọrùn tó, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rẹ sínú oògùn sì ni ó ń dín in kù. Ẹ da omi inú táyà àtijọ́ àti abọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé nù. Bí ẹ bá rí i tí tanwíjí ń jó nínú omi òjò, ẹ má dúró de ìjọba.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún ìka rẹ̀ fi ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó fún un lóògùn ibà. Ní Èkó tí ibà ti dínkù báyìí, ọ̀pọ̀ ara gbígbóná kì í ṣe ibà rárá, ẹni tó bá sì ń fi oògùn ibà wo àìsàn mìíràn ń jẹ́ kí èyí tó wà níbẹ̀ gan-an jẹ ọmọ lára. Àyẹ̀wò náà kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ. Bó bá fi hàn pé ibà ni, kí ọmọ lo oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní ACT pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kódà bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kulorokúìn tí àwọn òbí wa gbára lé ti di ohun tí kòkòrò mọ bó ṣe ń yẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí Nàìjíríà yí padà sí ACT láti ọdún 2005. A ò gbọdọ̀ fi ìlòkulò ba ACT náà jẹ́.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yín bá sọ pé abẹ́rẹ́ ibà ti dé, ẹ béèrè ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó kọ wọ́n sórí káàdì, kí bàbá ọmọ náà mọ̀ wọ́n sórí. Ìyá nìkan kọ́ ló bí ọmọ, kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa rántí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó gba mẹ́ta tó sì gbàgbé ẹ̀kẹrin ti ná owó ọkọ̀, ó ti jẹ́ kí ọmọ sunkún lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá fi èrè tó kù sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀fọn ṣì ń jẹ ọmọ. Ẹ gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.